Ibo Ni Kòkó Wà Níbẹ̀? Àlàyé Lórí Àwọn Ìpolówó Tẹlifíṣàn Tó Ń Gba Ẹ̀bùn

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò bàbá mi tí wọ́n ń dáko kòkó ní Ìdànrè wá kí wa ní Àkúrẹ́, wọ́n sì bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń wo fídíò lórí fóònù. Ìpolówó ṣokoléètì Cadbury ni, èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2007. Ìnàkí ńlá kan ló wà nínú rẹ̀. Ojú ìnàkí náà ni àwòrán kọ́kọ́ sún mọ́, tí ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, tó ń sún kì, bó ti ń mí. Orin Phil Collins kan ń dún lábẹ́lẹ̀. Ìnàkí di ojú, ó gbọ́ orin náà títí, ó yí ọrùn síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bí onílù tó ń dúró de àsìkò tirẹ̀. Lójijì ló gbé ọ̀pá sókè, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kan ìlù náà. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà, ìgbẹ̀yìn pátápátá sì ni ṣokoléètì tó fara hàn. Bàbá wò ó tán, wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ibo ni kòkó wà níbẹ̀?"

N kò rí èsì kan fọ̀ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ kíkọ ìpolówó fún rédíò àti tẹlifíṣàn ni mo fi ń jẹun ní ìlú yìí. Ohun tó mú kí ìbéèrè wọn wọ̀ mí lára ni pé ìpolówó yẹn gan-an gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ fún ìpolówó fíìmù ní Cannes, àjọ̀dún ńlá àwọn onípolówó ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 2008. Ẹni tó ń gbin kòkó wò ó, kò rí kòkó níbẹ̀. Àwọn adájọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wò ó, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn tó ga jù lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún mi náà ti ń béèrè irú ìbéèrè yìí, pàápàá ní oṣù kẹfà ọdọọdún, nígbà tí àwọn ọmọ wọn máa ń fi fídíò àwọn ìpolówó tó gbẹ̀bùn ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí ìpolówó tí kò sọ iye tí wọ́n ń ta ọjà, tí kò sọ ibi tí a ti lè rí i rà, ṣe ń gba góòlù. Mo kọ àlàyé yìí fún wọn, mo sì kọ ọ́ fún bàbá.

Kí ni ìpolówó, kí sì ni àjọ̀dún rẹ̀?

Ìpolówó kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ọmọ tó gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ lérí tó ń ké pé "Ó gbóná fẹlífẹlí o!" ń polówó ọjà, kò sì yàtọ̀ sí ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe lórí tẹlifíṣàn, bí kò ṣe pé ilé-iṣẹ́ ńlá ń ra àkókò. Láti ìgbà tí tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959 títí di òní tí a ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn OSRC àti NTA ní Àkúrẹ́, ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń wọn ìpolówó tà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi kọ́ńgò wọn ìrẹsì. Ẹni tó ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kò lè lo mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ọlọ́jà kì í sábà ṣe ìpolówó náà fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó ló máa ń gbé iṣẹ́ náà fún, wọ́n sì dà bí alága ìdúró níbi ìgbéyàwó. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé ìyàwó ni wọ́n wá tọrọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n bí alága bá ti gbé e kalẹ̀, bó ti kọrin sí i, bó ti dá ẹbí ìyàwó lẹ́rìn-ín kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ti gbà, ìyẹn ni àwọn èèyàn máa ń rántí dé ilé. Àrà ni à ń pe irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí àrà ni wọ́n ń fún ní ẹ̀bùn.

Àjọ̀dún ìpolówó, ní tirẹ̀, ni ibi tí irú àwọn alága bẹ́ẹ̀ ti ń kó iṣẹ́ wọn jọ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lè dájọ́ ẹni tó dárà jù. Èyí tó lókìkí jù lọ láyé ni Cannes Lions. Ọdún 1954 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, pẹ̀lú fíìmù ìpolówó 187 láti orílẹ̀-èdè 14. Ère kìnnìún tó wà ní gbàgede ńlá ìlú Venice ni wọ́n wò kí wọ́n tó fi kìnnìún ṣe àmì ẹ̀yẹ wọn, orúkọ náà kò sì yí padà nígbà tí àjọ̀dún náà fìdí kalẹ̀ pátápátá sí ìlú Cannes ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1984. Kìnnìún onídẹ wà, ti fàdákà wà, ti góòlù wà, èyí tó ga ju gbogbo wọn lọ sì ni wọ́n ń pè ní Grand Prix. Àwa náà ní tiwa nílé: láti ọdún 2006 ni ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìpolówó ní Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí AAAN, ti ń ṣe àjọ̀dún ìpolówó tí wọ́n ń pè ní LAIF ní Èkó.

Ta ló ń dájọ́, kí ni wọ́n sì ń wò?

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n ń dájọ́ ara wọn. Wọ́n á kó adájọ́ jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n á jókòó sínú yàrá kan fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á máa wo iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á sì máa jiyàn. Adájọ́ kì í dìbò fún iṣẹ́ tó bá ti ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wo iṣẹ́ òun ní láti sanwó, nítorí náà iṣẹ́ tí kò bá wá síbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ burúkú dandan. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ín kò rówó san ni, tàbí kó má rí ìdí kankan tí yóò fi san án.

Ohun méjì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ tí àwọn òǹwòran sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Èkíní ni èrò tó wà nínú ìpolówó, èkejì sì ni bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ ṣe é. Ẹni tó bá ti gbé aṣọ fún aránṣọ rí yóò mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa: àwòṣe aṣọ lè rẹwà kí rírán rẹ̀ má gún, bẹ́ẹ̀ ni rírán lè gún régé lára àwòṣe tí gbogbo ìlú ti rán tán. Láti ọdún 2010 ni Cannes ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ nínú fíìmù nìkan, ìyẹn bí wọ́n ṣe ya àwòrán, bí wọ́n ṣe lo ohùn àti orin, àti bí wọ́n ṣe gé e so pọ̀.

Títà ọjà ńkọ́? Ibí yìí ni ìdààmú ti pọ̀ jù. Àwọn adájọ́ fíìmù kì í ka owó tó wọ àpò ọlọ́jà kí wọ́n tó fún un ní kìnnìún. Ẹ̀ka mìíràn ni wọ́n dá sílẹ̀ fún ìyẹn ní ọdún 2011, níbi tí iṣẹ́ tó ti yọrí ní àjọ̀dún tẹ́lẹ̀ yóò ti padà wá fi ẹ̀rí hàn pé òun ṣe ọlọ́jà láǹfààní. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìpolówó kan gba góòlù, ohun tó sọ ni pé ó jọ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lójú. Kò tíì sọ pé ọjà tà.

Kí ló dé tí wọn kì í fi dárúkọ ọjà?

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìnàkí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ọmọdé tí kò mọ Cadbury, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ọmọ Àkúrẹ́ tí kò mọ Ọjà Ọba. Bí ènìyàn bá dúró lójú títì tó ń kéde fún ọmọ Àkúrẹ́ pé Ọjà Ọba wà, a ó rò pé ara rẹ̀ kò yá. Iṣẹ́ tí ìpolówó ní láti ṣe fún irú ọjà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe láti fi í han àwọn èèyàn, bí kò ṣe láti mú kí inú wọn dùn nígbà tí wọ́n bá rántí rẹ̀. Àwọn tó ṣe ìpolówó náà wá ronú pé jíjẹ ṣokoléètì jẹ́ ayọ̀ kékeré kan tí èèyàn ń retí kó tó dé ẹnu, wọ́n sì wá àwòrán tí yóò mú kí òǹwòran retí, kó retí, kí ayọ̀ náà sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ìnàkí fi pẹ́ kó tó lu ìlù. Bó bá lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun kan níbẹ̀ mọ́.

Wọn kò sì fi ọjà pa mọ́ tó bí a ti rò. Ògiri tó wà lẹ́yìn ìnàkí náà, àwọ̀ elésè àlùkò ni, àwọ̀ bébà tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì náà gan-an. Láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ni ọjà ti wà lójú àwòrán. Ẹni tó ń ki ọba kì í pe orúkọ àbísọ ọba, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ẹni tó ń kì, nítorí àwọn ohun tó so mọ́ ọba náà ló ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn aláwòrán yẹn ṣe nìyí: wọ́n fi àwọ̀ ki ṣokoléètì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èrò mi níbí láìfi bò. Àrà yìí kò bá gbogbo ọjà mu. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Òpópónà Arákalẹ̀ tó wá ní kí n ṣe irú ti ìnàkí fún òun, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ ni, nítorí oríkì ẹni tí a kò mọ̀ kì í yé ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí nígbà tí mo bá rí oníṣòwò kékeré tó ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ìpolówó tó rẹwà tí kò sì sí ẹni tó mọ ọjà tó ń tà.

Ṣé àwọn adájọ́ kì í fẹ́ rí ọjà rárá ni?

Wọ́n ń fẹ́, bí a bá fi àrà gbé e jáde. Ní ọdún 2013, Volvo tó ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ní ilẹ̀ Swídìn fẹ́ kí àwọn awakọ̀ mọ̀ pé ìdarí ọkọ̀ wọn tuntun kì í gbọ̀n. Wọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù méjì lọ sí pápákọ̀ òfurufú kan ní Spain ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n ní kí òṣèré Jean-Claude Van Damme dúró láàárín wọn, ẹsẹ̀ kan lórí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì lórí ti èkejì. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Àwọn ọkọ̀ náà ń fẹ̀yìn rìn, wọ́n sì ń jìnnà sí ara wọn díẹ̀díẹ̀, títí itan òṣèré náà fi là gbalaja, tó wá dà bí afárá láàárín ọkọ̀ méjì, tí oòrùn sì ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba Grand Prix ní ọdún 2014.

Ẹni tó bá ń fi tírélà gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un. Bí ìdarí ọkọ̀ kan bá gbọ̀n díẹ̀, ẹni náà ṣubú. Ẹni tó ń ta ọ̀bẹ ìbẹ́ṣu ní ọjà wa mọ ọgbọ́n yìí láti ọjọ́ pípẹ́: kì í sọ pé ọ̀bẹ òun mú, iṣu ló máa ń bẹ lójú yín.

Kí ló dé tí ìpolówó mìíràn fi gùn, tí òmíràn kò sì pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá?

Nítorí pé kì í ṣe tẹlifíṣàn nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún mọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá wọn àkókò tà lọ́nà ti àtijọ́, nítorí náà ìpolówó lè gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta bí ó bá dùn. Ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni òǹwòran ti ní agbára tí kò ní rí: lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó lè fọwọ́ tẹ fóònù kó sì fò ó kọjá.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Amẹ́ríkà, Geico, fi wàhálà yìí gba Grand Prix ní ọdún 2015. Ìdílé kan jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́, ìyá sọ gbólóhùn kan nípa owó tí wọ́n ti rí fi pamọ́, ìpolówó sì parí. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Ohùn kan wá sọ pé ẹ kò lè fo ìpolówó yìí nítorí ó ti tán. Gbogbo ìdílé náà dúró gbagidi bí ère, ẹlòmíràn gbé fọ́ọ̀kì sókè kò lè sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ìyá. Ajá wọn tó tóbi bí àgbò wá gun orí tábìlì, ó ń jẹ sùpàgẹ́tì inú àwo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń da ife nù, kò sì sí ẹni tó lè lé e nítorí pé àwọn òṣèré náà ní láti dúró bí wọ́n ti wà. Bí ẹ bá wo ojú ọkọ nígbà tí ajá náà kan àwo tirẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ kò lè fò ó mọ́. Ohun tí ọlọ́jà sanwó fún ti parí. Ìyókù jẹ́ ọrẹ fún òǹwòran tó dúró.

Kí ni ọ̀rọ̀ àwùjọ ń ṣe nínú ìpolówó ọṣẹ?

Fún ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí ni ọ̀nà tí ẹ̀bùn ń gbà jù lọ. Ọṣẹ Dove ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà ní ọdún 2006, èyí tó gba Grand Prix ní ọdún 2007. Obìnrin kan tó dà bí obìnrin tí a lè pàdé lójú títì jókòó síwájú kámẹ́rà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun ojú rẹ̀, wọ́n ṣe irun rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ kíákíá, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì gba iṣẹ́ ṣe: wọ́n fa ọrùn rẹ̀ gùn, wọ́n sọ ẹyinjú rẹ̀ di ńlá. Ìgbà tó fi máa dé orí pátákó ìpolówó lójú títì, kò jọ ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí fíìmù náà fi parí ni pé kò yà wá lẹ́nu pé a kò mọ ohun tí ẹwà jẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Melbourne, ilẹ̀ Ọsirélíà, fi orin àti àwòrán ẹ̀fẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn kí wọ́n má bàa kú sójú irin, ó sì gba Grand Prix márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà ní ọdún 2013. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn Channel 4 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn aláàbọ̀ ara tó ń sáré, tó ń lu ìlù, tó ń fi ẹsẹ̀ wa ọkọ̀, polówó Paralympics, ìdíje eré ìdárayá àwọn aláàbọ̀ ara, wọ́n sì gba Grand Prix ní ọdún 2017.

Mo fẹ́ràn àwọn mẹ́ta yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ jẹ mọ́ iṣẹ́ tí ọlọ́jà ń ṣe. Ẹni tó ń ta ọṣẹ ojú ní ohun tí ó lè sọ lórí ẹwà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin ní ẹ̀tọ́ láti kìlọ̀ nípa ojú irin. Èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ti ọlọ́jà tó lọ gbé ẹkún ẹlẹ́kún rù, tó fi ìyà àwọn tálákà ya fíìmù tó ń mú omi jáde lójú adájọ́, tó sì jẹ́ pé ọtí tàbí káàdì báńkì ló ń tà. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ti ń sú àwọn adájọ́ pẹ̀lú, nítorí ní ọdún 2024 ni Cannes fi ẹ̀ka kan kún un fún ìpolówó tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ẹ̀fẹ̀ ni a fi ń tajà ní ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà ìwásẹ̀, ó sì le ju ẹkún lọ láti ṣe.

Ẹ̀tàn wo ló wọlé ní ọdún 2025?

Ìròyìn yìí ló da ọ̀pọ̀lọpọ̀ rú, nítorí náà mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́.

Adájọ́ kò lè lọ sí gbogbo ìlú tí wọ́n ti ṣe ìpolówó láti mọ bó ṣe rí lára àwọn èèyàn ibẹ̀. Nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, ẹni tó mú iṣẹ́ wá yóò ṣe fíìmù àlàyé bí ìṣẹ́jú méjì: ìṣòro tí ọlọ́jà ní nìyí, àrà tí a dá nìyí, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ nìyí. Fíìmù àlàyé kì í ṣe ìpolówó náà. Ìjẹ́rìí ni, bí ti ẹni tó dúró ní ilé ẹjọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ìpolówó DM9 ti ilẹ̀ Bràsíl gba Grand Prix lórí iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe fún Consul tó ń ta ẹ̀rọ inú ilé. Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé wọ́n ti fi òye àtọwọ́dá, èyí tí àwọn èwe ń pè ní AI, yí àwòrán ìròyìn CNN Brasil padà nínú fíìmù àlàyé náà, kí ó lè dà bí ẹni pé ìròyìn tẹlifíṣàn gbé iṣẹ́ wọn jáde lọ́nà tí kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn náà padà lọ́wọ́ wọn, ọ̀gá tó ń darí àrà dídá níbẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, àjọ̀dún náà sì ṣòfin tó le sí i, títí kan pé kí ẹni tó bá lo òye àtọwọ́dá sọ ọ́ jáde.

Àwọn kan ti wá ń sọ pé àṣìlò kọ̀ǹpútà ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. N kò gbà. Ní ọdún 2024, ọdún kan ṣoṣo ṣáájú, ilé-iṣẹ́ fóònù Orange ti ilẹ̀ Faransé gba Grand Prix pẹ̀lú fíìmù tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yí ojú àwọn èèyàn padà. Ẹ ó rí àwọn gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tá, tí wọ́n ń gbá a wọlé, tí àwọn olólùfẹ́ sì ń hó. Ní àárín fíìmù ni wọ́n dá a dúró, wọ́n sì fi hàn wá pé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Faransé ló gbá gbogbo bọ́ọ̀lù yẹn, ojú àwọn ọkùnrin ni kọ̀ǹpútà kàn lẹ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó ti ń sọ pé bọ́ọ̀lù obìnrin kò dùn ti hó tán kó tó mọ̀ pé àwọn obìnrin lòun ń hó fún.

Irin iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì lò. Orange tàn wá, ó sì ṣí aṣọ lójú ẹ̀tàn náà níwájú wa, ìṣípayá yẹn gan-an sì ni àrà rẹ̀. DM9 tan adájọ́, ó sì fi ẹ̀tàn náà sínú ìjẹ́rìí, níbi tí a kì í ti í dárà. Eégún lè pa àrà dà lójú agbo, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ dà.

Ṣé ìpolówó Yorùbá lè dé irú ibẹ̀?

Òfin kò dí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí wọn kò bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe, wọ́n á kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán fún adájọ́ láti kà. Ìṣòro náà wà nínú ohun tí ìtumọ̀ kò lè gbé. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí: "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Ìpolówó iyán tó pójú owó nìyẹn, ó ti wà kí a tó gbọ́ orúkọ tẹlifíṣàn. Ó to oúnjẹ mẹ́rin sórí àkàbà, ó sì ń dáni lẹ́rìn-ín bó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ fún ẹni tí kò jẹ gúgúrú tàbí ẹ̀kọ rí, yóò kà á bí ẹni ka orúkọ ọjà nínú ìwé. Nítorí náà ni àwọn ìpolówó tó ń rìn jìnnà láti ibì kan sí ibòmíràn fi sábà máa ń dín ọ̀rọ̀ kù, tí wọ́n ń fi ojú àti etí sọ̀rọ̀. Ìnàkí kò fọhùn.

Ọ̀nà mìíràn tún ti là sílẹ̀ fún wa nílé. ARCON, àjọ tí òfin ọdún 2022 gbé kalẹ̀ láti máa ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, kí wọ́n yéé lo àwọn àwòṣe àti olóhùn tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà nínú ìpolówó tí wọ́n ń gbé jáde fún wa. Ojú wa àti ohùn wa ló kù tí wọ́n máa lò, ó sì kù sí wa lọ́wọ́ láti mọ ohun tí a ó fi wọ́n ṣe.

Ìyá kan tí wọ́n ń ta iyán ní Àkúrẹ́ níbí gbé iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá fún mi. Wọ́n ní kí n dárúkọ bùkátẹ́ríà wọn ní ìgbà mẹ́wàá, kí n sọ àdírẹ́sì lẹ́ẹ̀mejì, kí n sì ka nọ́ńbà fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo kà á sókè níwájú wọn, mo fi aago wò ó, kò ṣẹ́ kù ìṣẹ́jú àáyá kankan fún iyán. Mo wá bi wọ́n pé, "Mà, kí ni oníbàárà yín máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó rí ṣọ́ọ̀bù yín?" Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Odó."

A dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo, ọmọ odó mẹ́ta ń lọ sókè ń bọ̀ nílẹ̀ láìkan ara wọn, eruku kankan kò sí, ooru iṣu nìkan ló ń rú sójú kámẹ́rà. Gbì, gbì, gbì. A jẹ́ kí ìró yẹn nìkan máa dún fún ìdajì àkókò tí wọ́n san owó rẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Odó wá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ìyá náà ti inú abọ́ omi jáde, ó yí iyán náà padà nínú odó, ó dán bí ojú dígí, wọ́n sì sọ fúnra wọn pé, "Ó ti kúnná o." Lẹ́yìn náà ni a dárúkọ ibẹ̀ àti ojú ọ̀nà tó wà, lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún fi í han àwọn. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ó dára, ó kàn jẹ́ pé àwọn ìyá àgbà tó ń pè wọ́n fún iyán òde ìnáwó kì í tètè rí bírò tí wọ́n á fi kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. A gé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kúrò nínú ìró odó, a sì ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kejì.